Orúkọ Tí Kẹ́hìndé Sọ fún Nọ́ọ̀sì

Ní Igbó-Ọrà, ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọjà tó ké "Ìyá Ìbejì" kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Obìnrin mẹ́wàá ni yóò yíjú, mẹ́rin nínú wọn yóò sì bínú pé kí ló ń lọgun lé àwọn lórí sí. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi máa ń fi nǹkan kan kún orúkọ náà. Ìyá Ìbejì Aláṣọ wà, Ìyá Ìbejì Onírẹsì wà, Ìyá Ìbejì Ọmọ Lánlátẹ̀ náà sì wà. Ẹni ìkẹyìn yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Hàlímọ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Láti Lánlátẹ̀ ni Mùstàfá ti gbé e níyàwó wá sí Igbó-Ọrà, tòun ti ẹrù aṣọ kan àti ìkòkò mẹ́ta. Mùstàfá ń dáko ẹ̀gẹ́, Hàlímọ̀ ń bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí lójú ọ̀nà Ìdèrè. Iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ bíbẹ kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi yangàn. Èèyàn á jókòó sórí àpótí láti àárọ̀, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ á wà lọ́wọ́ òsì, iye abọ́ tó bá bẹ kún ni wọ́n á sanwó rẹ̀ fún un. Hàlímọ̀ kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀ bó bá ń bẹ ẹ́. Á máa bá Ìyá Dàda tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín, èèpo á sì máa já bọ́ sílẹ̀ gbọọrọ.

Ọdún mẹ́jọ ló fi wà nílé ọkọ láìbí. Ní ìlú tí àwọn èèyàn ti ń bí méjì méjì bí ẹni ń ṣeré, kí obìnrin má rí ẹyọ kan bí, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu sọ. Àwọn tó bá a nílé ọkọ ti bí, wọ́n tún ti bí. Hàlímọ̀ a máa bá wọn gbé ọmọ wọn pọ̀n, a máa kọrin fún un, bó bá dé yàrá tán á wá fi ìró rẹ̀ bojú. Nígbà tí Ọlọ́run yóò ṣe é, méjì ló ṣe é, obìnrin làwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó tún pè é ní Hàlímọ̀ mọ́, àfi ọkọ rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i.

Táyé ló kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé tẹ̀lé e. Ọmọdé mọ̀, àgbà mọ̀, pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé níṣẹ́ pé kó lọ bá òun tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé tiwọn yìí sì ṣe ẹ̀gbọ́n lóòótọ́. Ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ mú, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti Táyé lójú pópó. Táyé ni ara rẹ̀ kì í dá. Bí ojú ọjọ́ bá ti yí padà báyìí, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, Kẹ́hìndé á sì jókòó tì í, á máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn bó ṣe rí i tí ìyá àwọn ń ṣe.

Òfin kan ṣoṣo ni Hàlímọ̀ ní nínú ilé: ohun tó bá tọ́ sí Táyé ló tọ́ sí Kẹ́hìndé. Bí aládùúgbò bá fún Táyé ní ọsàn kan, Hàlímọ̀ á dá ọmọ náà padà pé kó lọ gba ti èkejì rẹ̀ wá. Bí èkejì kò bá sí, kó dá ti ọwọ́ rẹ̀ padà. Bàtà kan náà ni, aṣọ kan náà ni, irun kan náà ni wọ́n ń dì. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jọra béèyàn bá fara balẹ̀ wò wọ́n, ṣùgbọ́n ta ló ń fara balẹ̀ wo ìbejì ní Igbó-Ọrà?

Ní gbogbo àsìkò yẹn, rédíò Mùstàfá kò sinmi. Ọ̀rọ̀ tó gbòde ni ti ètò adójútòfò ìlera: pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà máa dáwó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì le, kó lè jẹ́ pé bí àìsàn bá dé, èèyàn kò ní máa ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó rí ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jà ni ẹni tí yóò san owó náà. Ẹnìkan á ní ìjọba ni kó san án. Ẹlòmíì á ní ìjọba kò lówó, kí olúkúlùkù gbé ẹrù ara rẹ̀. Ẹni kẹta, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ti tó fi mọ̀ pé ó ti jẹun yó kó tó jáde nílé, á ní àìmọ̀kan ló ń dààmú àwọn ará oko, pé wọn ò mọ iyì ìlera ara wọn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Hàlímọ̀ á bi ọkọ rẹ̀ pé ta ni ọkùnrin yẹn ń bá wí. Mùstàfá á ní kò bá ẹnì kankan wí, àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Mùstàfá fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ nípa owó dídá náà. Ó ní ẹni tó bá gbé owó kalẹ̀ de àìsàn, àìsàn kò ní ṣàì wá gba owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò ló gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lóòótọ́, kò kúkú sí owó náà nílẹ̀ tí wọn ì bá dá.

Ìgbà tó yá ni wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìjọba yóò bá àwọn ọmọdé kan san tiwọn, àwọn ọmọ ilé tí kò ní, iye kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tètè dé ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Malachi ló wá láti ọ́fíìsì wọn ní Èrúwà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó fi ń kọ orúkọ, tó sì fi ń ya fọ́tò. Hàlímọ̀ ní kí òun bẹ abọ́ ẹ̀gẹ́ méjì kí òun tó lọ, kí ọjọ́ náà má baà lọ lásán. Abọ́ méjì péré. Nígbà tó fi máa fa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ débẹ̀, Malachi ti ń ká okùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní ààyè ẹnìkan ṣoṣo ló kù.

Hàlímọ̀ kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó ní kó kọ àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan, ṣebí inú ikùn kan ni wọ́n jọ gbé. Malachi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ náà kò mọ ikùn, ojú ló mọ̀, ojú kan fún ààyè kan. Ó ṣàlàyé fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé wọ́n ṣì ń fa ọ̀rọ̀ owó náà lọ fà á bọ̀ lókè lọ́hùn-ún, pé bó bá yanjú, bóyá ààyè mìíràn á wá lọ́dún tó ń bọ̀. Hàlímọ̀ ní ó ṣeun, òun ò lè ṣe ti ọ̀kan kí òun fi èkejì sílẹ̀, òun ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ó fa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó yíjú sí ọ̀nà ilé.

Bí wọ́n ti dé ẹnu géètì ilé ìwé ni Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Hàlímọ̀ padà.

Orúkọ Táyé ni wọ́n kọ. Táyé Mùstàfá. Wọ́n mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tí wọn yóò fi ṣe káàdì ìtọ́jú fún un. Àfi bí Kẹ́hìndé ṣe ké. Ní tirẹ̀, fọ́tò náà ni wọ́n ń pín, òun sì ni wọ́n fi í dù. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ní òun lẹ̀gbọ́n. Àánú ṣe Malachi, ó fa fóònù ara rẹ̀ yọ, ó ní, "Ìwọ náà jókòó, ẹ̀gbọ́n," ó sì ya tirẹ̀ sínú fóònù náà láti fi tù ú nínú. Kẹ́hìndé yọ ahọ́n síta nínú fọ́tò náà. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i, omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Hàlímọ̀ sọ fún Kẹ́hìndé pé káàdì náà kì í ṣe ti Táyé nìkan. Ó ní ohun tí Táyé bá ní, Kẹ́hìndé ló ni ín. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tan ọmọ jẹ. Bó ṣe ń tọ́ wọn nìyẹn, ohun tó sì gbà gbọ́ nìyẹn.

Káàdì náà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ẹni tó ṣe dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àyà Táyé dá a dúró lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tárá gbé etí lé e láyà nílé ìwòsàn àdúgbò, wọ́n fún un lóògùn, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Hàlímọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jáde níbẹ̀ láìsanwó, ó tún padà lọ béèrè bóyá wọ́n gbàgbé ni. Inú agolo mílíìkì ló ń tọ́jú káàdì náà sí, ó fi ọ̀rá wé e.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ara Kẹ́hìndé gbóná.

Ọjọ́ Ajé ni. Kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, nítorí Kẹ́hìndé kì í ṣàìsàn. Hàlímọ̀ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, ó fún un lò, ó lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara náà tún gbóná, oúnjẹ kò sì wọlé mọ́. Ó ṣí agolo mílíìkì náà, ó yọ káàdì jáde, ó rí ojú Táyé lórí rẹ̀, ó dá a padà. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà á díẹ̀. Ẹ̀rù pé kí wọ́n má gba káàdì náà lọ́wọ́ Táyé bí àṣírí bá tú, ìyẹn ló pọ̀ jù. Owó tí wọn yóò sì gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní káàdì, kò sí nílé, kò sí lóko. Ó tún ra oògùn mìíràn. Ọjọ́ Rírú tún lọ bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Dàda wá wò wọ́n. Ó fi ìka ṣí ìpéǹpéjú ọmọ náà, abẹ́ rẹ̀ funfun bí inú ẹ̀gẹ́. Ìyá Dàda kò jókòó. Ó ní, "Káàdì wà nínú ilé yìí, o wá jókòó ti ọmọ. Ta ló mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé? Dìde."

Lórí ọ̀kadà, Hàlímọ̀ gbé Kẹ́hìndé sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà. Ó gbé ẹnu sí i létí, ó ní bí wọ́n bá béèrè orúkọ rẹ̀, kó ní Táyé ni òun.

Kẹ́hìndé ní, "Èmi kọ́ ni Táyé."

"Mo mọ̀, ìyá mi. Táyé ló yá ẹ lórúkọ ẹ̀. Tòní nìkan ni."

Ọmọ náà rò ó títí. Ó béèrè bóyá òun á dá a padà fún un tí àwọn bá délé. Hàlímọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tárá tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè láti mọ̀ bóyá iyè ọmọdé ṣì wà lára rẹ̀: kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi? Kẹ́hìndé wo ojú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Táyé."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó wo ọmọ, ó sì wo Hàlímọ̀. Obìnrin tó ti gbé etí lé Táyé láyà lẹ́ẹ̀mẹta kò lè ṣàìmọ̀ pé Táyé kọ́ nìyí. Ó kọ Táyé Mùstàfá sínú ìwé ńlá iwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tán, wọ́n ní láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ju tiwọn lọ láti lọ gbẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì pe àwọn tó ń fún wọn ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda tí wọn yóò fi gba aláìsàn lọ́hùn-ún, nọ́ńbà náà sì dé kíá. Ọkọ̀ dé. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lórí rédíò pé káàdì náà yóò ṣe ló ṣe, kò yẹ̀ kankan. Orí itan ìyá rẹ̀ ni Kẹ́hìndé dákẹ́ sí lójú ọ̀nà Èrúwà, ní ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn lẹ́yìn òjò.

Kò sí ẹni tó sọ fún Hàlímọ̀ pé bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbé e wá, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ta ló tún kù tí yóò sọ ọ́ fún un? Òun gan-an ló ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, nídìí ààrò, níbi iṣẹ́, lórí ẹní ìkírun. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ní ìlú yẹn, a kì í ní ìbejì kú. Bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á ní ó rìnrìn àjò, ó lọ sọ́jà, ó ń bọ̀. Nítorí èyí tó kù ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó má baà gbọ́ kó ní òun náà ń tẹ̀ lé èkejì òun. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Hàlímọ̀ sì ṣọ́ tirẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Kò fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sọ ọ́ fún Mùstàfá, kò sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Bí Táyé bá béèrè, á ní Kẹ́hìndé wà ní Lánlátẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà.

Ohun tí kò rò ni ìwé ńlá iwájú nọ́ọ̀sì. Ẹni tí wọ́n kọ pé ó wọlé ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí. Táyé Mùstàfá ló wọlé. Táyé Mùstàfá ni wọ́n kọ pé ó kú. Láti inú ìwé ló ti wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì gbé e dé ibi tí ẹ̀rọ ń gbé nǹkan dé.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, àyà Táyé tún gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé. Ọjọ́ kan náà ni Hàlímọ̀ gbé e lọ. Kò tún fi ọjọ́ falẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbi wíńdò tẹ káàdì náà wò, ó tún un tẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tí kò rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé ẹni tó ni káàdì yìí ti kú.

Hàlímọ̀ ní, "Àúsùbílláhì." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo Táyé létí. Ó ti pẹ́ jù.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tárá fà á wọ yàrá. Ó tọ́jú ọmọ náà, ó fún un lóògùn láti inú kọ́bọ́ọ̀dù ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ fún Hàlímọ̀ pé òun mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun rò pé kí àwọn kọ́kọ́ gba ọmọ náà là ná, kí wọ́n tó máa wo ti orúkọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ò lè yí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ padà, Malachi nìkan ló lè ṣe é ní Èrúwà, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọmọ náà láàyè, kó gbọ́ láti ẹnu ìyá rẹ̀ ẹni tó kú gan-an.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wá dì sí. Bí Hàlímọ̀ bá dákẹ́, wọ́n á máa pe èyí tó wà láàyè ní òkú nínú ìwé, Táyé kò sì ní rí ìtọ́jú mọ́, òun tó jẹ́ pé ìtọ́jú náà ló fi ń mí. Bó bá sì lọ, ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí a kì í sọ, kí Táyé sì dúró níbẹ̀ gbọ́ ọ. Mùstàfá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní wọ́n á pe Hàlímọ̀ ní olè, pé ó fi káàdì ẹnìkan tọ́jú ẹlòmíì, pé òun yóò máa wá owó oògùn bí òun ṣe ń wá a tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Hàlímọ̀, má fẹnu ẹ pe ohun tí o ò lè dá padà."

Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Táyé gbé òkèlè sílẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni ń béèrè omi: "Màámi, ṣé èmi ni mo kú ni, àbí Kẹ́hìndé?"

Ní ọjọ́ kejì, Hàlímọ̀ wẹ̀ fún un, ó wọ aṣọ fún un, wọ́n wọ takisí lọ sí Èrúwà.

Èrò pọ̀ nínú ọ́fíìsì náà. Rédíò kan ń sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé, ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ni, bóyá ohùn àtijọ́ náà tún ni: pé iye ènìyàn báyìí ti wọ inú ètò, pé iye báyìí ló kù, pé ẹ̀tàn ti pọ̀ jù nídìí orúkọ. Hàlímọ̀ gbọ́ "ẹ̀tàn," ó dojú kọ ilẹ̀. Nígbà tó kàn án, Malachi rántí wọn lójú ẹsẹ̀. Ó kí i, ó béèrè ẹ̀gbọ́n.

Hàlímọ̀ ní ó rìnrìn àjò.

Malachi gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọmọ Yorùbá ni, kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún un. Hàlímọ̀ ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀, bí ara ṣe gbóná, bí wọ́n ṣe gun ọ̀kadà, bó ṣe yá a lórúkọ. Kò dárúkọ nọ́ọ̀sì. Ó ní àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jẹun, òun ò mọ̀ pé káàdì yàtọ̀ sí àwo. Síbẹ̀, gbogbo ibi tó bá ti yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìrìn àjò ló ń sọ.

Malachi ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ forí jì mí. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ìrìn àjò. Ẹni tó wà láyé àti ẹni tó kú nìkan ló mọ̀. Ẹ ní láti sọ ọ́ fún mi."

Ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà síwájú rẹ̀, fọ́tò Táyé wà lójú rẹ̀. Ó wá fa fóònù ara rẹ̀ yọ, ó wá nǹkan nínú rẹ̀ títí, ó gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ́hìndé ni, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé, omijé lójú, ahọ́n síta. Wọn ò ní fọ́tò ọmọ náà nílé. Láti oṣù kẹfà ni Hàlímọ̀ ti ń bẹ̀rù pé òun máa tó gbàgbé bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Ó gbé ìka rẹ̀ tí àpá ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ wà lára rẹ̀ lé orí fóònù náà.

"Ẹni yìí ni," ó ní. "Kẹ́hìndé ni. Kẹ́hìndé mi ló kú."

Ó sọ ọ́ tán, ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yẹn bú jáde, ó sun ún níwájú gbogbo èrò. Ẹnìkan pa rédíò. Malachi dojú kọ ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan, ó tún tẹ̀. Ó ní àṣìṣe ìwé kíkọ ni òun yóò pè é, pé kò sí ẹni tó máa mú un, pé Táyé ti di alààyè padà. Hàlímọ̀ nu ojú. Ó ní ó ṣeun, Ọlọ́run á ṣe tiẹ̀ náà. Ó wá ní kó bá òun kọ èkejì sí i, kó kọ ọ́ pé Kẹ́hìndé ni, kí ó má baà jẹ́ pé orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ló gbé lọ.

Malachi tún ẹ̀rọ wò. Ó ní kò sí ibi tí òun yóò kọ ọ́ sí. Kẹ́hìndé kò sí nínú ìwé àwọn rí. Ẹni tí àwọn kò kọ pé ó wà, àwọn kò lè kọ pé ó kú.

Hàlímọ̀ mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye owó ọjà fún tó ju agbára rẹ̀ lọ. Kò bá a jiyàn.

Ó ku ohun kan, Malachi ní. Òun gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ ọmọ náà láti ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀, kí òun tó ti ìwé náà pa. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó rẹ́rìn-ín sí Táyé, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí lorúkọ rẹ.

Táyé yíjú sí ìyá rẹ̀, ojú kan náà gẹ́lẹ́ tí èkejì rẹ̀ fi wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà.

"Màámi," ó ní, "èwo ni kí n sọ?"

Hàlímọ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì náà, ó di ọmọ náà léjìká mú. Ó ní, "Tìẹ ni kó o sọ. Tìẹ nìkan."

"Táyé," ni ọmọ náà wí, Malachi sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ.